Bàtà Bọ́ Lẹ́sẹ̀ Mi, Mi Ò Mọ̀

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ dí ní orí rẹ, tàbí pé ti bàbá rẹ ló dí, ìwọ ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Jókòó kí o kà á. Kò gùn. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi kọ ọ́, ọwọ́ tó kú tó tún jí. Ojú ìwé kan ń gbà mí ní ọjọ́ méjì. Mi ò kánjú.

Àgbẹ̀ ni mí ní abúlé kan lábẹ́ òkè, ní ọ̀nà Lèma, nílẹ̀ Ìdáàṣà. Ó ti pé ọdún mélòó kan tí ìyàwó mi, Tẹrẹ́ẹ̀sì, ti kú. Ẹ̀gbẹ́ ilé la sin ín sí. Ọmọ kan ṣoṣo ló yè fún wa, Kọ́lẹ́ẹ̀tì, tó ń ránṣọ ní Glazoué. Mi ò tètè lọ sí ilé-ìwé. Mo ti ní irùngbọ̀n kí n tó jókòó sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí ìjọ wa dá sílẹ̀, níbi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń kà tí a sì ń kọ. Bí o bá rí i pé ọ̀rọ̀ mi kúrú, kì í ṣe àìsàn ló gé e. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Mo ní láti kọ́kọ́ sọ àṣà wa kan, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Nígbà tí òjò bá ń lọ, tí ilẹ̀ kò sì tíì le, a máa ń dá àáró láti kọ ebè iṣu. Àwa mẹ́sàn-án ni. Lónìí a wà lóko tèmi, lọ́la a wà lóko tìrẹ. Olúkúlùkù á gba ìlà tirẹ̀, á sì máa kọ ebè lọ títí dé òpin oko. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kì í fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀, ebè tó dúró lé lórí, a kì í bá a parí rẹ̀. A ó fi í sílẹ̀ ní ìdajì, a ó sì máa fi orúkọ rẹ̀ pè é títí a ó fi wa iṣu. Àwọn obìnrin tó bá ń kọjá á béèrè pé, "Ebè ta nìyí?" Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ kí a dárúkọ ni. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà láyé àwọn bàbá wa tó tìtorí irú ebè bẹ́ẹ̀ kó lọ sí Savè. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, oko Àkànbí la ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré. Ẹnu tirẹ̀ kì í sinmi, tèmi kì í ṣiṣẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi bá ara wa mu.

Láàárọ̀, mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ń dà sílẹ̀ ní igun ẹnu mi ọ̀tún. Mo nù ún. Ó tún dà. Mo gbé igbá náà sókè, mo yí i wò bóyá ó sán ni. Kò sán. Mo gbé e sílẹ̀, mo mú ọkọ́ mi, mo jáde.

A ń tò lọ lójú ọ̀nà, Àkànbí wà lẹ́yìn mi. Ó pè mí.

"Bàbá Kọ́lẹ́ẹ̀tì, ṣé o ti ń fi bàtà tọrẹ fún ẹni ẹ̀yìn ni? Bàtà rẹ rèé."

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí òkúta ní ìhòòhò, mi ò sì mọ̀. Mo gba bàtà náà, mo wọ̀ ọ́. Kò pẹ́, ó tún bọ́, mi ò tún mọ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bọ́ èjèèjì, mo kó wọn sínú àpò, mo ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ. Ọgbọ́n tí mo dá nìyẹn. Ìwọ tí o ń kà á, bí irú èyí bá ṣe ọ́, bí apá kan ẹnu bá ń dà, bí bàtà bá bọ́ tí o kò mọ̀, bí ohun kan bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ láìnídìí, má ṣe dá ọgbọ́n kankan. Pariwo kí wọ́n gbé ọ lọ.

Lóko, àwọn ebè tí mo kọ́kọ́ kọ dára. Lẹ́yìn náà ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ebè mi ń kéré, ó ń fì. Ìlà mi ń yà bọ̀ sí ti Àkànbí.

"Ṣé o fẹ́ fi ebè gba oko lọ́wọ́ mi ni?" ló wí. "Ìlà rẹ ti wọ tèmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ọtí sódàbì ni mo mu. Àkànbí ní rárá, òun mọ̀ mí, mi ò lè mu sódàbì láàárọ̀ kí n má fún òun. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ọwọ́ mi wúwo. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú orí mi, mo ń rí i, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀ dé ẹnu. Ohun tó jáde ni "ùn." Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ "ùn" lẹ́nu mi. Torí pé ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ti tán níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ọkọ́ sílẹ̀. Mo wo iwájú, mo rí i pé ìlà náà ò gùn mọ́. Mo rántí àwọn obìnrin tí yóò kọjá. Mo ya etí aṣọ tí mo fi wé orí, mo fi eyín àti ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mọ́ ẹ̀rúkọ́, mo sì ń kọ ebè lọ. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ìyẹn jẹ́ ìwà akọni. Ìwà òmùgọ̀ ni. Nígbà tó ku ebè mẹ́ta, ilẹ̀ yí mọ́ mi lójú. Oòrùn ti dé àárín orí.

Wọ́n gbé mi sí àárín àwọn méjì lórí àlùpùpù, Àkànbí ló wà lẹ́yìn tó dì mí mú. Títí a fi dé Dassa, ìlú ńlá ilẹ̀ wa, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ létí pé kí n má sùn. Ní ilé ìwòsàn, àwọn èèyàn kún orí bẹ́ǹṣì dé ẹnu ọ̀nà: abiyamọ, ọmọ tí ibà mú, arúgbó. Àkànbí bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jẹ́ ká kọjá. Gbogbo wọn gbà, àfi ọkùnrin kan tó ní òun ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tó wo ẹnu mi, òun náà dìde. Nọ́ọ̀sì wọn tánsíọ̀n mi, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó wò ó, ó tún un wọ̀n. Ó kàn yára. Wọ́n ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí kò sí lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa gbé mi lọ sí Parakou.

Nígbà tí ọkọ̀ tó gbé èmi àti Àkànbí dé Glazoué, Kọ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fi fóònù pè ti dúró létí títì. Ó wọlé. Abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ ṣì wà ní àyà aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú òwú tó so mọ́ ọn. Mo tẹjú mọ́ òwú náà títí a fi dé Parakou. Bí mo bá gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ẹ̀rù á bà mí.

Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ kan tó dà bí ẹnu ààrò. Lẹ́yìn rẹ̀, dókítà wá, obìnrin tí kò dàgbà ju Kọ́lẹ́ẹ̀tì lọ. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sán ni. Mo mi orí. Mo na ọwọ́ òsì sí ẹsẹ̀ mi, mo ń nà án, wọn ò mọ ohun tí mò ń wí. Àkànbí tó dúró lẹ́bàá ògiri ló wá sọ ọ̀rọ̀ bàtà. Dókítà náà kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ìgbà tí bàtà bọ́ ló bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Bí ẹ bá ti gbé bàbá wá láti ìgbà yẹn, kì bá tí tó báyìí."

Àkànbí kọjú sí ògiri.

Ní ọjọ́ kejì, dókítà náà fi àwòrán orí mi hàn wá. Ó ní orí èèyàn dà bí ilẹ̀ tiwa. Abúlé wà níbẹ̀, ọ̀nà sì wà tó so abúlé pọ̀. Apá kan wà nínú ọpọlọ tó funfun, òun ni ọ̀nà. Ó ní àwọn abúlé mi ṣì dúró, ọ̀nà ló bàjẹ́. Ọwọ́ mi ò kú, èdè mi ò sọnù. Ìránṣẹ́ tó ń ti orí lọ sí ọwọ́ àti sí ẹnu ni kò rí ibi kọjá. Lẹ́yìn náà ó fi àwọn àmì kéékèèké mìíràn hàn, káàkiri, bí ibi tí ìkán ti jẹ. Ó ní ìwọ̀nyí kì í ṣe ti àná. Ọjọ́ wọn ti pẹ́. Tánsíọ̀n ló ń jẹ ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá.

Mo mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí Tẹrẹ́ẹ̀sì ń ṣàìsàn, nọ́ọ̀sì kan wọn tánsíọ̀n tèmi náà, ó fún mi lóògùn, ó ní mi ò gbọdọ̀ dá a dúró. Mo lò ó títí ó fi tán nínú páálí, mi ò sì padà lọ. Kò sí ibi tó ń dùn mí. Lẹ́yìn tí Tẹrẹ́ẹ̀sì lọ, mo máa ń gbàgbé orúkọ, mo máa ń fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà tí mo mọ̀ láti kékeré. Mo pè é ní ìbànújẹ́ opó. Kì í ṣe òun nìkan. Ìwọ tí wọ́n bá sọ fún pé tánsíọ̀n rẹ ga, má dúró kó dùn ọ́. Kì í dunni.

Kọ́lẹ́ẹ̀tì béèrè bóyá ọ̀nà náà á tún ṣí. Dókítà ní òògùn á ṣọ́ èyí tó kù. Nínú èyí tó bàjẹ́, òmíràn lè má padà. "Ṣùgbọ́n orí máa ń la ọ̀nà mìíràn," ló wí, "bí ẹni tó ni ín bá ń rìn ín lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ ni yín, bàbá. Ẹ mọ bí ọ̀nà oko ṣe ń là."

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ ló ń là á.

A pé ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀. Mo ta gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ mi, Kọ́lẹ́ẹ̀tì ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjì, ó gbé èkejì wá sí ilé mi kó lè máa tọ́jú mi. Ní ọjọ́ tí a délé, ó bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"Bàbá, tí àkókò ebè bá tún dé, tí ọwọ́ yín ò bá tíì mú ọkọ́, ẹ ó tẹ̀lé mi lọ sí Glazoué. Mi ò lè fi yín sílẹ̀ níbí. N kò sì lè máa gbé ibí títí láé."

Ó tọ̀nà. Mo fi orí dá a lóhùn pé mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ara mi lórí àga nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, tí mò ń wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, tí ilé mi wà ní títì, tí koríko bo Tẹrẹ́ẹ̀sì. Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń bá jà: kí n kọ ebè kí ọdún tó yí po.

Mo ní láti sọ èyí náà, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú. Mo ń sunkún. Èmi tí mi ò sunkún níwájú èèyàn nígbà tí a sin Tẹrẹ́ẹ̀sì. Bí ẹnikẹ́ni bá kí mi, omi á bọ́ lójú mi. Adìyẹ kan jábọ́ sínú garawa omi, a yọ ọ́ láàyè, mo sunkún lé e lórí. Wọ́n ti sọ fún mi pé àìsàn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà ẹkún náà wà lára èyí tó dàrú. Ó ń lọ. Bí bàbá rẹ bá ń ṣe é, má bá a wí, má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Màmá Rọ́zà, ló tọ́ mi lẹ́yìn ìyá wa. Ohun tó bá sọ, n kì í jiyàn. Nígbà yìí, bí mo tilẹ̀ fẹ́ jiyàn, ẹnu dà? Ó ní ọwọ́ tó tutù, iná là ń fi wò ó, kì í ṣe hóró òògùn funfun. Ó tún ní Tẹrẹ́ẹ̀sì ló ń pè mí, torí mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Mo ro ìyẹn wò. Nígbà ayé rẹ̀, Tẹrẹ́ẹ̀sì kò pè mí láti oko rí. Ó máa ń dúró títí mo fi dé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Kọ́lẹ́ẹ̀tì lọ dá aṣọ àwọn oníbàárà padà ní Glazoué, ẹ̀gbọ́n mi mú bàbá kan wá tó ń wo egungun. Bàbá náà ní ká gbé òògùn ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún ọjọ́ méje kí méjèèjì má bàa jà nínú mi. Ó sín gbẹ́rẹ́ sí èjìká mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ki aṣọ bọ omi gbígbóná pẹ̀lú òrí, wọ́n fi wé apá mi. Wọ́n bi mí pé ṣé ó gbóná. Mo mi orí. Òótọ́ ni, mi ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní ooru rẹ̀ ò tíì tó nìyẹn. Wọ́n da èyí tó gbóná jù lọ sí i. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ, awọ ara mi bá a lọ.

Màmá Rọ́zà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá náà kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀tì dé, ó wo apá mi, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Táńtì, ta ló ní kí ẹ se bàbá mi?"

"Èmi ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi náà ni mo sì ń sunkún láti àárọ̀."

Àwọn méjèèjì jọ gbé mi lọ sí Dassa kí wọ́n tọ́jú ojú iná náà. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ló gba òògùn mi pamọ́. Ó ń dúró tì mí ní àárọ̀ títí n óò fi gbé e mì, á ní, "Ya ẹnu." N óò ya ẹnu bí ọmọ ọwọ́. Ó ń ṣe é títí dòní.

Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ewé ti wo ibà mi sàn rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọ iná, ẹ má fi iná bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà tí apá mi sàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí lọ sọ́dọ̀ kìné ní Dassa, ẹni tó ń fi ìdárayá tún ara ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, Àkànbí ló ń fi àlùpùpù gbé mi. A máa ń dúró pẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èmi nìkan kọ́: obìnrin aláṣọ kan tí ọ̀rọ̀ gbogbo ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ àfi àdúrà, ọkùnrin kan tó kéré sí mi púpọ̀ tó ń fa ẹsẹ̀. A ò lè bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n a máa ń ṣọ́ ara wa. Bí ẹnì kan bá gbé ẹsẹ̀ ga ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wa á rí i.

Kìné náà bi mí pé iṣẹ́ wo ni ọwọ́ yìí mọ̀ jù. Mo tẹ̀, mo ṣe bí ẹni tó mú ọkọ́. Ó ní òun náà la ó fi tún un ṣe. Ó ní kí n máa kọ ebè kéékèèké nínú iyanrìn ní ojúde, lójoojúmọ́, kí n máa fi ọwọ́ òsì ran ọ̀tún lọ́wọ́, kí n má sì so ó mọ́ nǹkan kan mọ́. Àkànbí ti ròyìn ìyẹn fún un.

Ebè àkọ́kọ́ gba òwúrọ̀ kan. Kò ga ju àwo ọbẹ̀ lọ. Bí mo ṣe parí rẹ̀, adìyẹ gun orí rẹ̀, ó tú u ká. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan: èmi ń kọ, adìyẹ ń tú. Ní àárín rẹ̀ ọjọ́ kan wà tí mo fi ọkọ́ sọ wọ́n, tí mo sì wọlé lọ sùn, tí mo ní kí Kọ́lẹ́ẹ̀tì kàn gbé mi lọ sí Glazoué kó parí. Ní ọjọ́ kejì mo tún jáde. Mi ò mọ ìdí. Bóyá torí pé ọkọ́ ṣì wà níta ni.

Àwọn tó ń kọjá máa ń bi mí pé, "Bàbá Kọ́lẹ́ẹ̀tì, iṣu wo lẹ fẹ́ gbìn sí ojúde?" N kì í dá wọn lóhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aládùúgbò wa kan tún bi mí. Mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ ọ́, ketekete:

"Iṣu adìyẹ."

Ẹ̀rọ Kọ́lẹ́ẹ̀tì dákẹ́. Ó jáde síta, aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó padà wọlé, mo sì gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní oṣù kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti mú mi lọ sí Arigbo, ihò àpáta Ìyá Mímọ́ ní Dassa. Èrò pọ̀ níwájú ihò àpáta náà. Mo fi igi rìn dé ibẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo gbàdúrà, mi ò sì lè dìde mọ́. Màmá Rọ́zà ń fà mí lápá. Àkànbí ní kó fi mí sílẹ̀, bóyá mo ṣì ní ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò tíì kà tán. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi tẹjú mọ́ mi.

"Ẹnu rẹ ti tọ́," ló wí.

Ó ti ń tọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kàn kò wò ó ni. Òun ní Ìyá Mímọ́ ló ṣe é. Èmi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Mímọ́, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ adìyẹ. A ò jà sí i.

Àkókò ebè dé. Kọ́lẹ́ẹ̀tì ti di ẹrù rẹ̀, ó ti di díẹ̀ nínú tèmi náà, mo rí i. A lọ sí oko Àkànbí, Kọ́lẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé wa, ó dúró létí oko. Àkànbí mú mi lọ sí ibi tí ìlà mi ti parí lọ́dún tó kọjá. Ó sọ ọ́ fún mi nígbà náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, pé ebè mẹ́ta tó kù, òun ti padà wá kọ wọ́n fúnra òun kí àwọn obìnrin tó kọjá. Ó ní òun ló mú bàtà náà lọ́wọ́, òun ló sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní kò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. A ò tún sọ ọ́ mọ́.

Mo gba ìlà mi. Ebè àkọ́kọ́ dúró. Ìkejì dúró. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, mo mọ bó ṣe wúwo, mo mọ ibi tí igi rẹ̀ ti ya. Mo kọ mẹ́rin. Ní àárín ìkarùn-ún, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Àwọn yòókù ti lọ jìnnà. Mo wo iwájú bí mo ṣe wò ó lọ́dún yẹn. Lẹ́yìn náà mo gbé ọkọ́ lé orí ebè náà, mo nàró, mo sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ọwọ́ mi ti rẹ̀. Ebè mi nìyí. Ẹ máa fi orúkọ mi pè é."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àkànbí padà wá bá mi, ó gbé ọkọ́ tirẹ̀ lé orí ebè tirẹ̀, àwọn tó kù náà padà wá. Ibẹ̀ la ti fẹnu kò sí i: láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá yí padà lóko, kó gbé ọkọ́ lé orí ebè, ọ̀rọ̀ ti parí, a ó gbé e lọ. A kò sì ní fi orúkọ ẹnikẹ́ni pe ebè mọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀tì wá gba àpò mi lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá. Èmi nìkan ni n óò padà sí Glazoué." Nígbà tí mo délé, ó ti tú ẹrù mi, ó ti kó o padà sí àyè rẹ̀.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Mò ń dá gbé. Ìka ọwọ́ mi méjì ṣì ń kú tí ọ̀yẹ́ bá mú. Bí ó bá rẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ á pẹ́ kó tó dé, n óò dúró dè é. Ebè mi kò pọ̀ bíi tàtijọ́, ìlà mi sì ń yà díẹ̀. Mò ń lo òògùn, Màmá Rọ́zà ń wo ẹnu mi. Dókítà ní àwọn àmì kéékèèké náà ṣì wà nínú orí mi, wọn ò ní lọ. Mo ní kò burú. Òkúta pọ̀ lórí òkè wa náà, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní àkókò ebè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, a wà lóko tèmi. Oòrùn kò tíì gòkè. Àkànbí wà ní ìlà tó kan tèmi, ó ń sọ̀rọ̀ lọ bó ṣe máa ń ṣe. Mo ń ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́ ọ, a kì í gbọ́ gbogbo ohun tí Àkànbí bá sọ. Ohun tí mo wá gbọ́ ni ìdákẹ́. Mo gbójú sókè. Ó dúró, ọkọ́ rẹ̀ wà lórí ebè. Ó tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ ọ̀tún bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ń fi hàn mí.

A ò béèrè nǹkan kan. A gbé e. A dé ilé ìwòsàn kí àwọn èèyàn tó kún orí bẹ́ǹṣì.

Ó ti padà sílé. Apá òsì rẹ̀ ló rọ díẹ̀, ó ń bọ̀ sípò. Ẹnu rẹ̀ ti padà pátápátá, a sì ti ń bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́. Ebè rẹ̀ wà lóko mi ní ìdajì. Mo gbin iṣu sí i bó ṣe wà. Ó ti hù, ewé rẹ̀ ti gun igi. Àwọn obìnrin ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń wò ó, kò sí ẹni tó tíì béèrè ebè ta ni.